Fọ́tò pọ̀ bí iyanrìn: èwo ló kù fún ọmọ?

Ọmọ Onífọ́tò Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Bàbá mi fi fọ́tò yíyà jẹun ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, láti 1968 títí di 2004 tí ojú wọn kò gbà á mọ́. Wọ́n ti re ibi àgbà ń rè. Nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́, a bá páálí mẹ́rin lábẹ́ ibùsùn, nẹ́gátíìfù, fíìmù tí wọ́n ti fọ̀ tí a fi ń tẹ fọ́tò, ló kún inú wọn fọ́fọ́. Inú àpò ìwé kéékèèké ni wọ́n kó wọn sí, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ẹni tó wá ya fọ́tò àti ọjọ́ tó yà á sára àpò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 15, fa ọ̀kan yọ, ó gbé e sókè sójú fèrèsé, ó ní, "Dádì, iwin wo rèé?" Irun ẹni náà funfun, ojú rẹ̀ funfun, eyín rẹ̀ dúdú bí èédú. Èmi tí mo ti ń jókòó ti bàbá mi nínú yàrá òkùnkùn láti kékeré, mo rí i pé ìyàwó òṣìngín ni. Gèlè rẹ̀ ga, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí orúnkún, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Mo bi ọmọ náà léèrè iye fọ́tò tó wà nínú fóònù rẹ̀. Ó lé ní 6,000. Mo ní kó fi èyí tó yà lọ́jọ́ tó wọ JSS1 hàn mí. Kò sí. Inú fóònù àkọ́kọ́ ló wà, fóònù náà sì ti bọ́ sómi.

Ohun tí mo ń sọ nìyí: kámẹ́rà onídíjítà ti ba fọ́tò jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Yashica tí bàbá mi ń lò, fọ́tò 12 péré ni fíìmù rẹ̀ ń gbà. Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n á wo ojú rẹ, wọ́n á tún ọrùn aṣọ rẹ ṣe, wọ́n á ní kí o gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ wá ya fọ́tò náà ti wẹ̀, ó ti yá ẹ̀gbà ọrùn lọ́wọ́ aládùúgbò, ó mọ̀ pé ọmọ ọmọ òun ló máa wò ó. Lónìí, ìrẹsì là ń yà kí a tó jẹ ẹ́. Fọ́tò pọ̀ bí iyanrìn, kò sí èyí tó kù fún ọmọ.

Àjọkẹ́ Aláṣọ:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ohun tí ẹ sọ, màá sì sọ ìdí rẹ̀.

Abúlé kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí ní 1971. Fọ́tò tí mo kọ́kọ́ yà láyé mi, pásípọ̀ọ̀tù tí mo fi forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC ni, mo ti pé ọmọ ọdún 17. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, kò sí ẹ̀rí kankan pé mo ṣe ọmọdé rí. Ìyá mi kú ní 1983, wọn ò ya fọ́tò kankan rí títí wọ́n fi lọ. Mo ti gbàgbé ojú wọn. Mo rántí ọwọ́ wọn, torí pé aró ni wọ́n ń rẹ, ọwọ́ wọn dúdú minimini dé ìgbọ̀nwọ́. Mo rántí ohùn wọn. Ojú wọn ni mi ò rí mọ́. Àwọn àgbà ní ọmọ mi obìnrin kejì ló jọ wọ́n. Tí ọmọ yẹn bá sùn, mo máa ń tẹjú mọ́ ọn, mò ń wá ìyá mi. Mi ò sì ní ohun tí mo lè fi wé e.

Fọ́tò tí ẹ ní ó níyì yẹn, ẹni tó lówó ló ni ín, ẹni tó sún mọ́ ìgboro ló ni ín. Mi ò bú bàbá yín, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Àmọ́ ẹ má sọ fún mi pé nǹkan tí àwa ò rí fẹnu kàn rí ti bàjẹ́, torí pé ó ti wá kárí.

Ọmọ Onífọ́tò Mọ́kọ́lá:
Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ẹ jẹ́ kí n rò ó ná.

Kámẹ́rà Òde, Mushin:
Àárín ẹ̀yin méjèèjì ni mo wà, torí iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe láti 1994. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lójú àwa tí a ń ya fọ́tò òde.

Pentax K1000 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò 36 ló wà nínú fíìmù kan. Tí mo bá dé òde ìgbéyàwó, màá ya fíìmù méjì kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀, màá kó o fún ọmọ iṣẹ́ mi, á gun ọ̀kadà lọ sí lábù, á dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi fọ̀ ọ́ tán. Kí àlejò tó máa túká, a ti tẹ́ fọ́tò sílẹ̀ lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, oníkálùkù ń wá ojú ara rẹ̀. Èyí tí wọn ò bá rà, èmi ni mo jẹ gbèsè pépà rẹ̀.

Fíìmù jóná mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Ìsìnkú ìyá àgbà kan ní Ṣágámù ni. Ọmọ iṣẹ́ mi ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà kó tó ká fíìmù padà. Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́, nẹ́gátíìfù dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ìgbà tí èèyàn da ọ̀dà sí i. Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ àwọn ọmọ olóòkú. Àkọ́bí wọn, àgbà ọkùnrin, ń sunkún. Ibi tí wọ́n ti gbé ìyá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú ilẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ní kí wọ́n tún un gbé ká lè yà á. Ẹ̀gbọ́n Mọ́kọ́lá, ọmọ onífọ́tò ni yín, ẹ mọ ìbẹ̀rù tí mo ń sọ. Ní báyìí, màá tẹ̀ ẹ́, màá wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, tí ẹnì kan bá dijú, màá tún un yà. Ìbẹ̀rù yẹn ti lọ, mi ò sì fẹ́ kó padà.

Ṣùgbọ́n owó bá a lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ra onídíjítà, mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń tẹ fọ́tò tì í, a ń tẹ̀ ẹ́ lójú òde níbẹ̀, ọdún mélòó kan ni a fi rí jẹ. Fóònù wá dé. Báyìí, tí mo bá gbé kámẹ́rà sójú, fóònù ogún ló wà níwájú mi. Ìyàwó ń jó bọ̀, mi ò rí ìyàwó, ẹ̀yìn ọwọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mo ń rí. Pásípọ̀ọ̀tù tó ń gbé wa ró nígbà tí òde kò bá sí, òun náà lọ. INEC gbé ẹ̀rọ tó ń ya ojú èèyàn wá fún ìforúkọsílẹ̀ olùdìbò ọdún 2011, BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, dé ní 2014, JAMB náà ń yà á níbi ìforúkọsílẹ̀. Ṣàṣà lẹni tó ń sọ fún ọmọ pé kó lọ mú fọ́tò mẹ́rin wá mọ́.

Ọ̀dọ́ Yábàá:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ẹ má bínú, ṣé fọ́tò ni ẹ ń sunkún lé lórí ni, àbí owó? Torí ó jọ pé nígbà tí a ń sanwó ni fọ́tò níyì lójú yín.

Kámẹ́rà Òde, Mushin:
Àbúrò mi, méjèèjì ni. Owó yẹn ni mo fi rán àwọn ọmọ mi mẹ́ta nílé ìwé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Tísà Físíìsì:
Mo fẹ́ ká mọ ohun tí a ń bá jà gan-an. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe kámẹ́rà onídíjítà, Steven Sasson, òṣìṣẹ́ Kodak ni, ilé-iṣẹ́ tó ń ta fíìmù fún gbogbo ayé. Rochester ní Amẹ́ríkà ló ti ṣe é, ní 1975. Ẹ̀rọ náà wúwo ju kílò mẹ́ta lọ. Ìṣẹ́jú àáyá 23 ló ń gbà kó tó kọ àwòrán kan ṣoṣo sórí kásẹ́ẹ̀tì, irú kásẹ́ẹ̀tì tí a fi ń gbọ́ fújì nígbà yẹn, orí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n sì ti ń wò ó. Àmì tóótòòtó 10,000 ló para pọ̀ di àwòrán yẹn. Ti fóònù tí ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí lè ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Ọwọ́ Kodak ni nǹkan náà ti jáde, fíìmù ló sì ń bá a tà lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, ó lọ bá kóòtù pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn.

Lára fíìmù, fàdákà ni ìmọ́lẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn, fàdákà ibẹ̀ á dúdú tó bá wọ inú oògùn. Ìdí nìyẹn tí eyín ìyàwó òṣìngín yẹn fi dúdú: eyín funfun ló da ìmọ́lẹ̀ padà jù. Ohun tó bá ti hàn lára fíìmù, kò ṣeé pa rẹ́, fíìmù náà kò sì ṣeé tún lò. Ti onídíjítà, ìmọ́lẹ̀ á di iná mànàmáná, iná á di nọ́ńbà. Nọ́ńbà ni fọ́tò inú fóònù yín. Nọ́ńbà kì í gbó, kì í ṣá, ikán ò lè jẹ ẹ́. Ohun tí a kọ ọ́ sí ló ń kú. Fóònù ń kú, mẹ́mórì kádì ń kú, ilé-iṣẹ́ tó ní òun á bá ọ tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lè yí ohùn padà. Google Photos gbà wá láàyè láti máa kó fọ́tò sí i lọ́fẹ̀ẹ́ láìlóǹkà, nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2021, ó ní ó tó. Gìgábáìtì 15 ló kù lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ náà sì wà nínú rẹ̀.

Torí náà ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín kò pàdánù fọ́tò JSS1 nítorí pé ó yà á pẹ̀lú fóònù. Ó pàdánù rẹ̀ nítorí pé ojú kan ṣoṣo ló wà. Nẹ́gátíìfù bàbá yín náà, ká ní òjò wọ abẹ́ ibùsùn yẹn, kí lẹ óò rí?

Ọmọ Onífọ́tò Mọ́kọ́lá:
Tísà, òótọ́ lẹ sọ, òjò Ògùnpa ọdún 1980 gbé páálí lọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn n'Ìbàdàn, Mọ́kọ́lá wà lókè ni Ọlọ́run fi yọ wá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un. Ohun tó wà nínú fíìmù, òun ló wà níwájú kámẹ́rà. Fíìmù kì í purọ́. Fóònù tí àwọn ọmọ wa ń lò báyìí, kó tó fún ọ ní fọ́tò ló ti bó ojú rẹ, ó ti dín imú rẹ kù, ó ti nu àpá ara rẹ. Ọmọ mi dúdú dáadáa, ó dúdú bí ìyá bàbá mi. Nínú fóònù, ó pupa. Ó ti wá ń bi mí pé kí ló dé tí òun ò fi jọ fọ́tò òun.

Ọmọ Ìlá ní Peckham:
Ẹ̀gbọ́n, lórí pé fíìmù kì í purọ́, mo ní ẹjọ́ díẹ̀. Ìlá Ọ̀ràngún ni mo ti wá. Nílùú wa, ní àwọn ọdún 1970, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìtíì ya fọ́tò, wọ́n á gbé èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò. Tó bá jẹ́ pé akọ ni méjèèjì tàbí abo ni méjèèjì, wọ́n á yà á lẹ́ẹ̀kan, onífọ́tò á tẹ nẹ́gátíìfù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ìbejì méjì á jókòó ti ara wọn. Tó bá jẹ́ akọ àti abo, wọ́n á yà á nínú aṣọ tirẹ̀, wọ́n á tún wọ aṣọ èkejì rẹ̀ fún un, wọ́n á yà á. Mo ti rí irú fọ́tò yẹn lára ògiri ní ilé ẹbí wa. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ọmọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Irọ́ ni ká pè é? Láyé àtijọ́, ère ìbejì ni wọ́n ń gbẹ́ dípò ọmọ tó kú, fọ́tò ló wá gba ipò rẹ̀. Ìyá fẹ́ rí ọmọ méjèèjì, onífọ́tò sì fi wọ́n hàn án.

Kámẹ́rà Òde, Mushin:
Ọmọ Ìlá sọ òótọ́ o. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, pẹ́ńsù tó mú ṣóṣóṣó ló fi ń tún nẹ́gátíìfù ṣe. Ilà ojú àwọn arúgbó, irorẹ́ ojú ìyàwó, ó ń nu gbogbo rẹ̀. Ìyẹn tún gba wákàtí kan lórí ojú ẹnì kan.

Ọmọ Onífọ́tò Mọ́kọ́lá:
Wákàtí kan lórí ojú ẹnì kan! Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Èèyàn tó rí ọ ló jókòó ṣe é, ẹ jọ sọ̀rọ̀, o lè sọ pé, "Ẹ fi ilà mi sílẹ̀, ilà ìdílé wa ni." Bàbá mi kò sọ ẹni dúdú di pupa rí. Fóònù kò bi ọmọ mi léèrè ohunkóhun.

Tísà Físíìsì:
Mo gba ìyẹn wọlé. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé fíìmù aláwọ̀ náà kò fẹ́ràn wa. Àwọn lábù ní ìgbà yẹn, káàdì kan tó ní fọ́tò obìnrin òyìnbó lára ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é. Bí àwọ̀ ara Shirley bá ti dára, wọ́n gbà pé ti gbogbo ayé dára nìyẹn. Ẹni dúdú tó bá dúró ti ẹni pupa nínú fọ́tò kan náà, eyín àti ẹyinjú nìkan ni wàá rí. Nísinsìnyí, àwọn tó ń ṣe fóònù ti ń dù ú pé kámẹ́rà àwọn mọ ojú dúdú. Camon tí Tecno ń tà fún wa, ohun tí wọ́n fi polówó rẹ̀ nìyẹn. Google náà gbé èyí tó pè ní Real Tone jáde pẹ̀lú Pixel 6 ní 2021. Ibi tí ojú ń bó yẹn, ẹ wọ inú sẹ́tìnsì kámẹ́rà ọmọ yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Beauty" sí, ẹ fà á dé òdo. Ẹ ṣe é lónìí, ẹ̀gbọ́n.

Àjọkẹ́ Aláṣọ:
Àwọ̀ yìí kan èmi náà o, nítorí aṣọ òkè ni mo ń tà, orí WhatsApp sì ni ìdajì oníbàárà mi wà. Ẹnì kan ní Ìlọrin rán owó fún ẹtù, ó gbà á tán, ó ní àwọ̀ tí òun rí nínú fọ́tò kọ́ nìyí. Mo wo fọ́tò náà padà, ó jàre. Iná gílóòbù pupa tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ló sọ aṣọ di nǹkan mìíràn. Láti ìgbà yẹn, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń yà á, láàárọ̀ kí oòrùn tó kan orí, màá tẹ́ pépà funfun kan sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ kí oníbàárà fi ojú wọn ọ́n. Mi ò tan iná kámẹ́rà rárá, torí ó ń jẹ́ kí òwú máa kọ mànà. Lóṣù yìí, kò sẹ́ni tó dá aṣọ padà.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mò ń yà á, mò ń pa á rẹ́, mò ń tún un yà, títí ó fi yé mi. Ká ní fíìmù ni, owó tí mo máa fi kọ́ ọ ì bá ti jẹ ọjà.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ fọ́tò tí ẹni tí wọ́n yà fẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èyí tí kò fẹ́.

Yàrá pàjáwìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé ọkùnrin kan wá láti ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, aṣọ ti ya lára rẹ̀. Kí a tó fi abẹ́rẹ́ gún un, ìyàwó rẹ̀ ti ń pariwo bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Orí WhatsApp ló ti rí i, ó nà gbalaja sílẹ̀ létí títì, ìhòòhò. Ẹni tó yà á yẹn dúró, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi ránṣẹ́, kò bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó fi bò ó. Ọkùnrin náà yè. Fọ́tò yẹn ṣì wà níta, ó sì ní ọmọ tó ti ń lo fóònù.

Nígbà fíìmù, ẹni tó ní kámẹ́rà kò pọ̀, ẹni tó ní in sì ń ronú kó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ dárí jì mí, mi ò lè yọ̀ pé ó ti kárí.

Ọ̀dọ́ Yábàá:
Màmá, mo kẹ́dùn. Èyí tí ẹ sọ burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ apá tèmi. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, fóònù la fi ya ohun tí àwọn ọlọ́pàá SARS ń ṣe fún wa. Kí fóònù tó dé, tí wọ́n bá fa ọmọ bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì torí irun orí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni wọ́n máa gbàgbọ́. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn ní Lẹ́kí, fóònù ni ayé fi rí i. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Tí a bá ní kí gbogbo èèyàn bọ fóònù sápò, àwa la máa kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ọmọ mi, ẹni tó níbọn lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó wà nílẹ̀. Ẹ ya ẹni tó níbọn.

Ọmọ Ìlá ní Peckham:
Mo fẹ́ padà sí ohun tí ẹ̀gbọ́n Mọ́kọ́lá kọ́kọ́ sọ, torí ó kù díẹ̀ kí n gbè é lẹ́yìn.

1989 ni mo dé Lọ́ńdọ̀nù. Fọ́tò kan tàbí méjì lọ́dún ni màámi ń fi ránṣẹ́, inú àpò lẹ́tà aláwọ̀ pupa àti búlúù létí. Ẹ̀yìn fọ́tò ni mo kọ́kọ́ máa ń kà. Màámi ò mọ̀wé, àbúrò mi ló ń bá wọn kọ ọ́ pẹ̀lú báírò: "Tóyìn rèé, ó ti yọ eyín. Aṣọ tí o fi ránṣẹ́ ni mo wọ̀. Ẹsẹ̀ kò dùn mí mọ́." Ẹ wo bí ọwọ́ báírò ṣe tẹ pépà, tí mo bá fi ìka pa ojú fọ́tò, mo ń mọ ọ̀rọ̀ yẹn lára. Mo ní 41 irú rẹ̀ nínú agolo bísíkíìtì.

Láti ìgbà tí màámi ti ní fóònù, ojoojúmọ́ ni mo ń rí wọn. Mo rí wọn lórí ibùsùn ìkẹyìn, mo sọ̀rọ̀, wọ́n dáhùn. Mi ò lè fi ìyẹn wé ohunkóhun, Ọlọ́run ló ṣe é fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kú, tí a ń wá fọ́tò tí a máa gbé síwájú pósí, fọ́tò inú fóònù tó lé ní 2,000, kò sí èyí tó ṣeé tẹ̀. WhatsApp ti fún gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí a bá sọ ọ́ di ńlá, ojú màámi á di onígun mẹ́rin mẹ́rin. Èyí tí a gbé síta lọ́jọ́ ìsìnkú, ti 1991 ni, láti inú agolo bísíkíìtì.

Fọ́tò inú fóònù kò ní ẹ̀yìn. Kò síbi tí o máa kọ ọ̀rọ̀ sí.

Tísà Físíìsì:
Ẹ kú ọ̀fọ̀ màmá. Fún àwọn tó kù o: tí ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp kó má bàjẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ bí ìwé, níbi tí wọ́n kọ "Document" sí. Bó ṣe wà lọ́wọ́ yín ló máa dé ọwọ́ ẹni náà.

Kámẹ́rà Òde, Mushin:
Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan? Títí dòní, "mo fẹ́ lọ fọ fọ́tò" là ń wí, bẹ́ẹ̀ kò sí omi níbẹ̀ mọ́. Ẹnu wa ṣì mọ̀ pé iṣẹ́ kan wà tó yẹ ká ṣe lẹ́yìn tí a bá ti tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ wa ló ti gbàgbé.

Ọmọ Onífọ́tò Mọ́kọ́lá:
Àǹtí Àjọkẹ́, mo ti rò ó. Ẹ jàre mi. Mo sọ pé fọ́tò ti bàjẹ́, mi ò ronú kan ẹni tí kò ní rárá. Mo tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n mi ò kúrò lórí èyí: ẹni tó ní 6,000 tí kò lè rí ọ̀kan, àìní ti dé bá òun náà.

Ẹ wá gbà mí nímọ̀ràn. Kí ni kí n ṣe sí páálí mẹ́rin yìí? Lábù tó ń tẹ nẹ́gátíìfù ládùúgbò wa ti di ibi tí wọ́n ń ta ṣáájà.

Tísà Físíìsì:
Fóònù méjì ti tó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí ojú fóònù kan funfun kedere, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé òkè pátápátá. Ẹ gbé gíláàsì fèrèsé kékeré lé e, kí ó ga sí i díẹ̀ bíi ìka kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àmì ojú fóònù á hàn nínú fọ́tò. Ẹ fi burọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku ara nẹ́gátíìfù, ẹ má fi ìka kàn án láàárín, etí rẹ̀ ni kí ẹ dì mú. Ẹ gbé e lé gíláàsì, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ fi fóònù kejì yà á látòkè. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tó ń yí àwọ̀ po nínú fóònù, kí dúdú di funfun, kí funfun di dúdú. Kí ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ tó wà lára àpò sí orúkọ fáìlì. Kí ẹ sì dá páálí padà síbi gbígbẹ, ẹ má sọ ọ́ nù.

Ọmọ Onífọ́tò Mọ́kọ́lá:
Mo ń kọ èyí lálẹ́ ọjọ́ kejì. A ti ṣe 63, ọmọ mi ló ń yà á, èmi ni mo ń gbá eruku. Ìyàwó òṣìngín yẹn la kọ́kọ́ ṣe. Nígbà tí ọmọ náà yí àwọ̀ po, tí ojú obìnrin náà jáde, dúdú, ó ń dán, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Dádì, ó dúdú bíi tèmi." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Èyí tó di 40 ó lé, ìdílé kan ni, 1974, bàbá lórí àga, ìyá, ọmọ márùn-ún. Létí apá òsì, ibi tí bàbá mi máa gé kúrò tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ kékeré kan wà, ó di aṣọ funfun mú sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè padà sójú wọn. Ọwọ́ mi ni. Mi ò mọ̀ pé wọ́n yà mí lọ́jọ́ náà.

Àjọkẹ́ Aláṣọ:
Ẹ̀gbọ́n, mo ka tiyín, mo dìde. Mo lọ fọ fọ́tò ọmọ mi kejì lónìí, èyí tí mo yà lójú oorun, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ńlá. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú báírò. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn, mo kọ ọjọ́ òní, mo kọ orúkọ ìyá mi sísàlẹ̀, mo wá kọ ọ́ pé àwọn àgbà Ìsẹ́yìn ní òun ló jọ, àti pé aró ni ìyá mi ń rẹ, ọwọ́ wọn dúdú dé ìgbọ̀nwọ́.